Cae Glas Kì Í Ṣe Pápá Búlúù

Tegwen Rowlands ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà gbígbẹ kúrò lára pákó tó fi ń po àwọ̀, lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, nígbà tí Wmffra, aládùúgbò rẹ̀, ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọlé láìkànkùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Òjò ti rin fìlà rẹ̀ gbingbin. Kò bọ́ ọ.

"Tegwen, o ti dolókìkí," ó wí. "Wọ́n ti gbé ẹ sórí pátákó lẹ́bàá ìsédò. Àmọ́ wọ́n rẹ ẹ́ láró kí wọ́n tó gbé ẹ síbẹ̀."

"Bó bá jẹ́ ọtí lo mu láàárọ̀ yìí, máa padà sílé."

"Tíì ni mo mu, òun gan-an ò sì dùn. Mo ní wọ́n rẹ ẹ́ láró. Pápá Búlúù ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán ẹ."

Tegwen gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò pariwo. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá ń bínú a máa pariwo, irọ́ ni. Ìbínú Tegwen a máa jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ ni, débi pé ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ní láti tẹ etí sílẹ̀ kó tó gbọ́ èébú tó ń bọ̀.

"Ta ló kà á fún ẹ?"

"Afẹ́fẹ́ ya ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó. Mo mú ajá jáde, mo yọjú wò ó. Ojú mi ò tíì fọ́."

"Ojú ẹ ti fọ́ láti ìgbà tí o ti ń dìbò," Tegwen wí, ó sì nawọ́ mú ẹ̀wù òjò rẹ̀.

Wọ́n jọ rìn lọ sí etí ìsédò, ògiri ńlá tí wọ́n fi dá odò dúró. Òjò òkè yẹn kì í wá látòkè nìkan, ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń gbá ènìyàn. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Tegwen fi ọwọ́ méjèèjì la ọ̀rá náà sí i, ó sì kà á. Àwòrán rẹ̀ ló wà lókè, èyí tó yà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kẹ́yìn kí wọ́n tó lé àwọn ará ibẹ̀ kúrò ní àfonífojì tí omi ti bò báyìí: ilé bàbá rẹ̀, ọgbà àgùntàn, pápá tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sódò, àti ní kọ̀rọ̀ kan, òrùlé ilé bàbá Wmffra. Lábẹ́ àwòrán ni wọ́n kọ ọ́ sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Wales: "Pápá Búlúù. Omi tó ń dán ní àfonífojì yìí ni àwọn ará ibí rí tí wọ́n fi fún un ní orúkọ yìí. Lónìí, adágún wa ti dá orúkọ náà láre." Lábẹ́ ìyẹn pátápátá: "Àwòrán àti ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ Tegwen Rowlands."

Ọ̀rọ̀ tí Tegwen kọ fún wọn kò jọ èyí rárá. Ohun tó kọ ni pé: "Cae Glas. Ibí ni ìdílé méje ti ń gé koríko fún ẹran wọn. Wọ́n lé wọn kúrò kí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rí omi mu. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ wọn."

"Wọ́n ti sọ ẹ́ di ẹlẹ́rìí wọn," Wmffra wí.

Ọjọ́ Sátidé ni ilé-iṣẹ́ omi tó ni ìsédò náà fẹ́ ṣí pátákó náà, Tegwen gan-an ni wọ́n sì pè pé kó wá fa aṣọ kúrò lójú rẹ̀. Bí Sátidé bá kọjá lọ bẹ́ẹ̀, irọ́ yẹn yóò wà lẹ́nu rẹ̀ títí láé, níwájú omi tó bo ibojì àwọn ẹbí rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ glas, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú èdè Wales, òkun jẹ́ glas. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jẹ́ glas. Ẹṣin tí irun rẹ̀ rí bí eérú jẹ́ glas, ọ̀yẹ̀ tó ń là sì jẹ́ glas. Kò yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú wa. Àwọn àgbà wa a máa pe ewé tó rú dáadáa ní dúdú, wọn a sì pe aṣọ tí wọ́n rẹ láró ní dúdú pẹ̀lú, kò sì sẹ́ni tó ń ṣi ẹnikẹ́ni gbọ́. Cae Glas ni pápá tó tutù yọ̀yọ̀, pápá tí koríko rẹ̀ ń wọ ẹran lójú. Àwọn ọmọ ilé ìwé òde òní ni wọ́n pín in: glas fún búlúù, gwyrdd fún àwọ̀ ewé, bí ẹni fi ọgbà pín ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sí méjì.

Ìyẹn nìkan kọ́. Orúkọ tó wà níbẹ̀, orúkọ ènìyàn ni. Ní òkè yẹn, orúkọ ìdílé kì í ṣe nǹkan kan. Ìdajì ìlú ló ń jẹ́ Rowlands, ìdajì tó kù ń jẹ́ Pugh. Bí o bá dúró ní ìta ilé ìjọsìn tí o sì pe Rowlands, agbo ènìyàn ni yóò dá ọ lóhùn. Oko tí wọ́n bí ọ sí ni wọn yóò fi pè ọ́ títí ikú. A máa ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, ilé gan-an ni orúkọ ọmọ. Tegwen Cae Glas. Wmffra Tŷ'n Rhos. Àwọn oko méjèèjì ti wà lábẹ́ omi láti nǹkan bí ogójì ọdún, àwọn olóko sì ń jẹ́ orúkọ wọn lọ lókè omi.

Tegwen ti bínú nítorí orúkọ rí. Nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò, ó lọ sí ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń ṣe àwo tánńganran, ó ń ya òdòdó sí etí àwo. Ọ̀gá rẹ̀ ní ẹnu òun kò lè pe Tegwen. Peggy ló sọ ọ́. Tegwen ń jẹ́ Peggy lójú iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, àfi ọjọ́ tí ọ̀gá náà ké pè é tí kò dáhùn. Ó ké pè é títí. Ó wá dìde, ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ní, "Ẹ wá Peggy lọ. Nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ fún un ní owó oṣù mi."

Láti ibẹ̀ ló lọ sí ìlú ńlá náà gan-an, ìlú tó gba omi wọn. Àwọn ènìyàn ti bi í léèrè ìdí tó fi lọ síbẹ̀, ohun tó sì máa ń sọ ni pé ó fẹ́ rí ojú àwọn tó ń mu oko bàbá òun. Ó ń fọ yàrá nínú ilé tí wọ́n ń háyà fún àlejò, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí omi tuntun kọ́kọ́ ṣàn dé ẹ̀rọ omi ilé náà, obìnrin onílé po tíì, ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Tíì yìí mà dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Tegwen da tirẹ̀ sínú kòtò ìdọ̀tí. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kúrò nílùú yẹn, wàrà nìkan ló ń mu.

Nígbà tó padà sí Wales, ó ń kọ pátákó fún àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn oní-yìnyín dídùn ní etíkun, ó sì ń ya dírágónì pupa, àmì ilẹ̀ Wales, sára ògiri ilé àlejò. Ọ̀kan nínú àwọn onílé náà ní kó jẹ́ kí dírágónì náà rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, ó gbowó, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé tuntun tí wọ́n kó àwọn ará àfonífojì náà lọ, ó ṣe iṣẹ́ náà títí ọmọ fi tán níbẹ̀ tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa. Ó lọ sí Cardiff, olú-ìlú Wales, ó ń kun ògiri àwọn ilé àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń ya eré orí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní kó kun ilé ìdáná oko kan kó dọ̀tí, kó ní èéfín. Ó sọ fún wọn pé gbogbo ìgbà ìrúwé ni ìyá òun máa ń fi ẹfun kun ilé ìdáná rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n kò ní gbà pé oko ni bí ògiri bá funfun. Ó kun ún ní funfun. Wọ́n dá a dúró.

Ó kọ ìwé ìtàn kan nípa obìnrin tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó sì fi í díje ní eisteddfod, àjọ̀dún ńlá tí wọ́n ti ń fi orin àti ìwé kíkọ díje níbẹ̀. Onídàájọ́ dúró lórí pèpéle, ó ní ìwé náà ì bá gba ipò kìíní bí kì í bá ṣe pé ìbínú inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Tegwen wà láàárín èrò. Ó yíjú sí obìnrin tó jókòó tì í, ó béèrè pé, "Mélòó ni ìbínú tó tó?" Ọdún yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé fún ìwé ìròyìn àdúgbò, èyí tí wọ́n máa ń ká fúnra wọn lóṣooṣù nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. Ojú ewé kẹta ni tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣí, kí wọ́n lè mọ ẹni tó kàn.

Báyìí ni ẹni tó ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe lọ kan ilẹ̀kùn Gethin lọ́sàn-án Mọ́ńdè náà. Gethin ni ọmọ ìbátan rẹ̀, ó ti tó ẹni ogójì ọdún. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ omi àti fún ẹnikẹ́ni tó bá lè sanwó. Àkàrà òyìnbó elésò gbígbẹ ni Gethin ń jẹ nígbà tó ṣílẹ̀kùn.

"Àǹtí Tegwen, ẹ wọlé. Omi wà lórí iná, ẹ ó mu tíì?"

"Mi ò wá mu tíì. Kí ni glas?"

"Ẹ ní kí ni?"

"Ìbéèrè ọmọ ọdún márùn-ún ni mo bi ẹ́. Kí ni glas?"

Gethin nu ẹnu rẹ̀. "Búlúù ni."

"Kí la ń pe koríko?"

"Glaswellt."

"Ṣé koríko búlúù lò ń gé níwájú ilé ẹ ní Sátidé?"

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ó kù sínú orúkọ koríko bí òkúta ṣe ń kù sínú bàtà. Bí mo bá ní kí ọmọ mi mú pẹ́ńsù glas wá, búlúù ló máa mú wá."

"Mi ò bá ọmọ ẹ sọ̀rọ̀. Ìwọ tí ìyá ìyá ẹ ń pe Cae Glas bí ẹní ń gbé itọ́ mì, ìwọ lo kọ Pápá Búlúù."

"Mo kọ 'Pápá Búlúù' fún orúkọ, lóòótọ́. Ìyókù ọ̀rọ̀ yín, bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe túmọ̀ ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Thorley, ọ̀gá ibẹ̀, ló ní ó korò jù. Ó rí búlúù, ó ní ó dára, omi náà búlúù, ó wá kọ tiẹ̀. Ó dá a padà fún mi pé kí n tú u sí èdè wa."

"O sì tú u."

"Iṣẹ́ mi ni."

"O tú irọ́ sí èdè ìyá ẹ, o wá kọ orúkọ mi sí i."

Ojú Gethin pọ́n. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún. "Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ òótọ́, Àǹtí? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Mo wà ní kíláàsì yín, mo ya igi, mo kọ 'ewé glas' sábẹ́ ẹ̀. Bàbá àgbà mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ fi ínkì pupa fagi lé e, ẹ kọ gwyrdd sókè ẹ̀. Ẹ mú mi lọ síbi àwòrán àwọ̀ tó wà lára ògiri, ẹ na ìka sí i: ojú ọ̀run, glas, ọ̀pọ̀lọ́, gwyrdd. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo sọ fún bàbá àgbà mi pé, 'Ẹ ò mọ èdè.'"

Tegwen wò ó. Kò rántí ewé náà, kò rántí ínkì náà, ṣùgbọ́n ó rántí àwòrán àwọ̀ náà dáadáa, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀.

"Ìjọba ló fi ránṣẹ́," ó wí níkẹyìn. "Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kà fún yín."

"Èmi náà, ohun tí ọ̀gá gbé fún mi ni mo tú."

Ẹyin lohùn, èyí ti bọ́, ó sì ti fọ́ mọ́ àwọn méjèèjì lára. Tegwen dìde. Inú ń bí i sí Thorley, inú ń bí i sí Gethin, inú sì ń bí i jùlọ sí olùkọ́ kan tó mú ínkì pupa lọ́wọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ pé, "Ìyàtọ̀ wà. Èmi ò fi orúkọ ẹ sábẹ́ ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Thorley nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ, torí pé Thorley kò gbọ́ òmíràn. Ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ẹ má ṣe rò pé ó burú. Ó fa àga fún un.

"Mìsíìsì Rowlands, inú wa dùn gan-an sí àwòrán yín."

"Mi ò lọ́kọ. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ni mo bá wá. Pápá tó tutù ni Cae Glas, kì í ṣe Pápá Búlúù. Ìyókù, irọ́ ni. Ẹ mú un kúrò."

Thorley na ẹ̀dà àwòrán náà sórí tábìlì, ó fi ìka tọ́ka sí i. "Ẹ wò ó, màdáámù. Ẹ̀yin fúnra yín, búlúù lẹ fi kun pápá náà."

Òótọ́ ni. Apá ìsàlẹ̀ pápá náà, lápá odò, jẹ́ búlúù tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni Tegwen yà á, nígbà tí òkè ti sọ òjìji rẹ̀ sórí koríko. Bí òjìji bá bọ́ sórí ewé ní ìrọ̀lẹ́, àwọ̀ tó máa ń dà nìyẹn, ẹni tó bá la ojú rẹ̀ yóò rí i.

"Òjìji ni," ó wí.

"Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọjá lọ, búlúù ló máa rí. Orí irin ni wọ́n tẹ pátákó náà sí, iṣẹ́ ti tán. Ẹ jẹ́ ká ṣe Sátidé tán ná, lẹ́yìn náà a lè jókòó sọ̀rọ̀ àtúnṣe."

"Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya fọ́tò mi tán."

"Bí ara yín ò bá yá láti wá, a kò ní bínú. A lè rí ẹlòmíràn tó máa fa aṣọ náà."

Ohun tó sọ gan-an ni pé bí ó wá, bí kò wá, wọn yóò ṣí pátákó irọ́ náà.

Ní ọjọ́ Fúráìdè, Wmffra bá a ní ilé ìdáná tó gbé àwòrán náà gan-an sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, tó ti ṣí ilẹ̀kùn iná. Wmffra wo iná, ó wo àwòrán.

"Òtútù ń mú ẹ ni?"

"Ọmọ tí mo bí ló ń jẹ́rìí takò mí. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Tìrẹ ni. Sun ún. Àmọ́ kí o tó sun ún, fi ọ̀bẹ gé kọ̀rọ̀ yẹn fún mi, níbi tí òrùlé Tŷ'n Rhos wà. Mi ò ní fọ́tò ẹ̀ kankan. Bàbá mi ò ní kámẹ́rà, ahun ni."

Tegwen fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. Ó ti ilẹ̀kùn sítóòfù. "Wọ́n ní kí n má lọ bó bá wù mí."

"Kí o má lọ ni yóò dùn mọ́ wọn jù. Wọ́n á ní àgbàlagbà ni, òtútù ń pa á, ẹ bá wa kí i."

"Nígbà náà mo máa lọ," Tegwen wí.

Òjò Sátidé kò pọ̀, ó kàn ń rọ̀ wẹliwẹli. Àwọn ọmọ ilé ìwé wá kọrin. Alága ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ wọ ẹ̀wọ̀n oyè rẹ̀ lé ẹ̀wù òjò. Gbogbo àwọn tí kò gbọ́ èdè Wales, Thorley àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ láti ìlú ńlá, gba ẹ̀rọ kékeré fi sétí, Gethin sì jókòó sábẹ́ tapólì pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn níwájú rẹ̀, tó ń sọ ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn di Gẹ̀ẹ́sì sí wọn létí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lágbègbè yẹn nìyí níbi àpéjọ yòówù. Kò sẹ́ni tó tún ń kíyè sí ògbufọ̀, àfi bó bá dákẹ́.

Wọ́n pe Tegwen. Ó gun orí pèpéle, ó di okùn aṣọ náà mú. Thorley ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹni tó ní kámẹ́rà sún mọ́ ọn. Tegwen kò fa okùn.

Ó sọ ní èdè rẹ̀, ní ohùn rírẹlẹ̀ yẹn, àwọn ọmọdé sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́: "Gbogbo ìlú yìí mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n a ní àlejò, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ mi. Tegwen Cae Glas ni mò ń jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fi nǹkan sétí, ẹ tẹ́tí kí ẹ gbọ́ ohun tí Gethin máa sọ pé mò ń jẹ́."

Ó dúró.

Gethin kò sọ nǹkan kan. Àwọn tó ní ẹ̀rọ létí fọwọ́ kàn án bóyá ó ti bàjẹ́. Ọ̀kan nínú wọn yí bọ́tìnì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí tapólì, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo èrò fi ń wo Gethin. Omi ń kán láti etí tapólì sórí bàtà rẹ̀. Bó bá ní Tegwen Pápá Búlúù, gbogbo abúlé tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò fi í ṣẹ̀sín dọjọ́ ikú. Bó bá sì ní Pápá Tútù, a jẹ́ pé òun ló pa pátákó tó wà lábẹ́ aṣọ, tòun ti iṣẹ́ rẹ̀.

Ó fẹnu mọ́ ẹ̀rọ. "Orúkọ obìnrin yìí," ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì, "ni Tegwen Cae Glas."

Thorley yọ ẹ̀rọ kúrò létí. "Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?"

"Orúkọ ènìyàn ni, sà. A kì í túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ṣì í." Ó nawọ́ sí pátákó náà. "Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ aṣọ yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Tèmi àti tiyín ni."

Lẹ́yìn náà ló tún un sọ ní èdè Wales, kí àwọn ará ilé náà lè gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gbọ́.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí nílé ọtí máa ń sọ pé èrò pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Èrò náà dúró bí àgùntàn tó rí ajá àjèjì. Tegwen so okùn náà mọ́ irin pátákó, ó ta á ní kókó méjì, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Thorley sún síwájú láti tú u, ṣùgbọ́n Wmffra àti ajá rẹ̀ ti lọ dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà," Thorley wí fún un.

"Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì," Wmffra dá a lóhùn, ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara.

Alága ìgbìmọ̀ fẹnu fẹ́ omi kúrò ní imú rẹ̀, ó ní òjò ń pa àwọn ọmọdé, tíì sì ti wà nílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe lọ.

Gethin bá Tegwen ní ojú ọ̀nà. Ó ti kó wáyà rẹ̀ sínú àpò. Kò sí àníàní pé ilé-iṣẹ́ omi kò ní pè é mọ́, wọn kò sì pè é mọ́ lóòótọ́.

"Mọ́ńdè ló yẹ kí o ti sọ ọ́," Tegwen wí.

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"Kí o tó tú u gan-an ló yẹ."

"Mo mọ̀." Ó rìn díẹ̀. "Ó yẹ kí ẹ̀yin náà ti fi ewé glas mi sílẹ̀."

Tegwen rìn títí wọ́n fi dé ibi afárá kékeré. "Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ó wí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé pátákó náà lọ. Thorley kọ̀wé pé àwọn yóò ṣe tuntun, "Pápá Tútù" ni àwọn yóò kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, àwòrán náà yóò sì wà níbẹ̀. Tegwen ní rárá. Ó ní tútù kì í ṣe glas, gẹ́gẹ́ bí búlúù kì í ti í ṣe glas. Kí wọ́n kọ Cae Glas ní èdè méjèèjì, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ òun tẹ̀ lé e bí òun ṣe kọ ọ́, kí wọ́n má sì tún sún mọ́ àwòrán òun. Wọ́n jiyàn títí ìgbà òtútù. Níkẹyìn wọ́n kọ ọ́ bó ṣe wí. "Ìdílé méje" wà níbẹ̀, "wọ́n lé wọn" wà níbẹ̀, "kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ wọn" wà níbẹ̀. Kò sí àwòrán. Ẹni tó bá kà á tán, omi nìkan ni yóò gbójú sókè rí.

Ìwé ìròyìn àdúgbò gbé ìròyìn náà jáde. Olóòtú rẹ̀, ọkùnrin tó fẹ́ràn àlàáfíà, fi àkọlé ńlá sí i lójú ewé kìíní: "Tegwen Cae Glas Ti Dárí Jì Wọ́n." Ó lérò pé òun ń ṣe é lóore. Tegwen kà á nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ká ìwé ìròyìn náà, ó gbé e wá síwájú olóòtú.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo dárí jì wọ́n?"

"Wọ́n ṣàtúnṣe, Tegwen. Mo rò pé..."

"O rò ó. O wá kọ orúkọ mi sí i."

"Ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni."

"Wọ́n ri oko bàbá mi bọmi. Wọ́n ò sọ pé kí n má bínú mọ́, ìwọ lo ń bá wọn sọ ọ́."

Ó ní kó kọ àtúnṣe sí oṣù tó ń bọ̀. Olóòtú ní òun yóò kọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù dé, ohun tó kọ ni pé Tegwen kò tíì dárí jì wọ́n. Tegwen fi ínkì pupa fagi lé "tíì" náà, ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i padà. Kò kọ ojú ewé kẹta fún un mọ́ láti ìgbà náà.